Irin Nínú Igi: Ìtàn Àpótí Gìtá Oníná

Bí a bá ń sọ ìtàn orin òde òní, ẹnu wa kì í kúrò lára ẹni tí ó kọrin àti ẹni tí ó ta gìtá. Bí a bá fẹ́ ṣe é dáadáa, a ó dárúkọ gìtá náà pẹ̀lú, a ó sọ iye okùn tí ó ní àti ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e dé ojú agbo. Ṣùgbọ́n àpótí tí ó jókòó sẹ́yìn olórin, èyí tí ohùn gìtá ń gba inú rẹ̀ jáde, kò sí ẹni tí í bèèrè ìdílé rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ìyáàlù tí kò sì bèèrè igi tí a fi gbẹ́ ẹ. Àpótí yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn òpìtàn kì í kà sí: bí a ṣe gbé irin tí iná wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ṣáàsì, wọ inú igi.

Mo mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ mi kan yóò bèèrè ohun tí ó kan olùkọ́ èdè àti àṣà Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ áńpìlífáyà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní ohun èlò òyìnbó ni, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ni ó bo ìlù wa mọ́lẹ̀, àti pé kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ iná máa bá a lọ. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn, n ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè dá ẹjọ́ àpótí láìmọ bí a ṣe kàn án.

Fífi irin mọ́ igi kí igi lè bá a fọhùn kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí a wo agídìgbo. Àpótí pákó ni, a sì de irin pẹlẹbẹ bíi mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀. Irin ni ìka ń ta, inú àpótí ni ohùn ti ń dún. Bí a bá yọ irin náà kúrò tí a di í mú lọ́wọ́ tí a ta á, ohùn rẹ̀ kò ní ju ti kòkòrò lọ. Àwọn tí ń gbẹ́ ìlù pẹ̀lú kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ igi; ọ̀mọ̀ tàbí apá ni wọ́n máa ń wá, àwọn àgbà onílù sì máa ń sọ pé igi tí ó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù lọ fún dùndún, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ní ojú àwọn baba wa, igi kì í ṣe ẹ̀wù tí a wọ̀ fún ohùn. Òun gan-an jẹ́ ara ohùn.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín agídìgbo àti áńpìlífáyà, ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ dá lé. Irin agídìgbo fẹ́ gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n, kò wúlò. Ṣáàsì kò fẹ́ gbọ̀n rárá. Ọpọ́n irin ni, tí a ká létí, tí a sì to àwọn ẹ̀yà tí ń sọ iná kékeré di ńlá sí: tàràńsífọ́mà tí ó wúwo bí òkúta, wáyà, àti àwọn ìgò tí a ń pè ní fáàfù. Ìgò gbígbóná ni fáàfù, irin tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá mì ín, ó lè gba mímì náà gẹ́gẹ́ bí ohùn kí ó sì máa hó. Nítorí náà ṣáàsì ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ibi tí ó tutù. Sípíkà ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n kàn mọ́ iwájú àpótí kan náà, fẹ́ kí igi bá òun wárìrì. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni àpótí náà, ọ̀gá méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba ni ó sì ń sìn. Gbogbo ẹni tí ó ti kan irú àpótí yìí láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ó ti ní láti parí ìjà yìí, bí ó sì ṣe parí rẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú orin.

Àpótí náà kò ti ọ̀dọ̀ olórin wá. Ọmọ rédíò ni. Ní ọdún 1906 ni Lee de Forest ṣe ìgò Audion tí ó di baba fáàfù tí ń mú ohùn lágbára. Ní 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg, ní Amẹ́ríkà, gbé sípíkà oníbébà jáde nínú irú ìrísí tí a ṣì ń lò dòní. Láti ìgbà náà ni rédíò ti di ohun ọ̀ṣọ́ iyàrá àlejò. Ọwọ́ àwọn tí ń kan àga àti tábìlì ni àpótí rẹ̀ ti ń wá, igi dídán, igun rẹ̀ ká roboto. Ṣáàsì rẹ̀ a gba ẹ̀yìn wọlé, a jókòó sórí ilẹ̀ àpótí, a sì fi sukúrúù dè é láti ìsàlẹ̀. Àwọn fáàfù a dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ìgò lórí pẹpẹ. Kò sí wàhálà níbẹ̀: rédíò kì í kúrò lójú kan, ẹni tí ń gbọ́ ọ sì jókòó sórí àga.

Nígbà tí gìtá oníná dé ní àwọn ọdún 1930, tí ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ní Los Angeles gbé gìtá onírin rẹ̀ jáde ní 1932, tí Gibson sì tẹ̀ lé e, àwọn tí ó ní láti ṣe àpótí fún un kò ní àwòṣe mìíràn ju rédíò àti àpótí ìrìnàjò lọ. Ọ̀nà méjì yìí ni wọ́n ń yà sí.

Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ibòmíràn ni Leo Fender. A bí i ní 1909 ní agbègbè Fullerton ní ìpínlẹ̀ California. Ní 1938 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún rédíò ṣe. Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí, tí orúkọ rẹ̀ wà lára gìtá káàkiri ayé, kò mọ gìtá ta. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ń gbẹ́ ìlù kò ní láti jẹ́ Àyàn. Ohun tí Fender mọ̀ ni ohun tí ń bàjẹ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olórin ń gbé áńpìlífáyà wọn tí ó ti dákẹ́ wá. Ẹni tí ó bá ti ṣí àpótí ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀ yóò mọ ibi tí sukúrúù ti ń tú, ibi tí pákó ti ń là, àti ibi tí ooru ti ń jó wáyà.

Ní 1945 òun àti Doc Kauffman da iṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń ṣe gìtá tí a ń gbé sórí itan ta, pẹ̀lú áńpìlífáyà kékeré tirẹ̀. (Ẹ fi gìtá orí itan yìí sọ́kàn.) Ní 1946 Fender ń ṣe tirẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Igi líle bíi maple, walnut àti mahogany ni ó fi kan àwọn àpótí àkọ́kọ́, ó kùn wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń kọ mànà dá ilà sí ojú wọn. Mo ti rí àwòrán wọn. Wọ́n lẹ́wà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹwà iyàrá àlejò ni, ẹwà rédíò. Olórin kì í gbé inú iyàrá àlejò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń wà, ilé ọtí ni ó ti ń ṣeré, ẹsẹ̀ àwọn ọ̀mùtí sì ń gbá àpótí rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1947, nínú èyí tí ó sọ ní Dual Professional, Fender yí ọwọ́ padà. Ó fi igi líle sílẹ̀, ó mú páìnì, igi fífúyẹ́ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Amẹ́ríkà kò kà sí nǹkan iyì. Ó gé etí àwọn pákó náà ní eyín-eyín, ó sì fi eyín ọ̀kan bọ inú àlàfo èkejì, bí ìgbà tí a fi ìka ọwọ́ ọ̀tún há ti òsì. Bí a bá fi gúlúù sí i tán, igun náà kì í tú. Ó fi aṣọ tí a fi ń bo àpótí ìrìnàjò bò ó. Lékè gbogbo rẹ̀, ó gbé ṣáàsì kúrò nílẹ̀, ó sì so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé àpótí. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni áńpìlífáyà kúrò ní ọmọ rédíò tí ó sì di ẹrù arìnrìnàjò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń gbé ṣáàsì náà wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Pákó tí ó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì ni a fi ń kan àpótí náà. Kí ṣáàsì tó wọlé, a ti ní láti fi aṣọ bo gbogbo ara àpótí, kí aṣọ náà sì ká wọ inú létí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá wọn inú àpótí rẹ̀ kí ó bá ti irin mu rẹ́gí, tí ó gbàgbé pé aṣọ àti gúlúù yóò jẹ lára àyè náà, yóò rí i pé irin rẹ̀ kò wọlé mọ́. Bí ó bá sì fi ipá tì í, aṣọ yóò ya. Aṣọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni yóò lu ihò sí òrùlé, tí bóòtù yóò ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti di irin mú. Bí ihò kan bá yẹ̀ díẹ̀, ṣáàsì yóò jókòó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ìwúwo tàràńsífọ́mà yóò sì máa fa ẹ̀gbẹ́ kan títí igi yóò fi là. Tàràńsífọ́mà yìí kò sì sí láàárín. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó wà, nígbà tí ọwọ́ tí a fi ń gbé àpótí wà ní àárín gbùngbùn. Ìdí nìyẹn tí àpótí bẹ́ẹ̀ fi máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé e, bí arọ́bafín tí ó wo ẹ̀gbẹ́ kí ọba.

Nígbà tí a so irin rọ̀, àwọn fáàfù yí orí kodò. Wọ́n rọ̀ bí àdán lábẹ́ igi, orí ń wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè. Ìwúwo ara wọn lè fà wọ́n yọ nígbà tí sípíkà bá ń mi àpótí, nítorí náà a ní láti fi irin ẹlẹ́kẹ̀ di àwọn ńlá inú wọn mú. A tún ní láti wo ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà yọ dé, kí ó má lọ forí gbá ìgò. Ooru sì ń gòkè, bẹ́ẹ̀ òkè ni ọpọ́n irin wà, inú ọpọ́n náà sì ni àwọn ẹ̀yà tí ooru ń tètè bà jẹ́ wà. Ní ti ooru, mo gbà pé àwọn oní-rédíò ni wọ́n jàre. Kí ni Fender wá rí tí ó fi gba ìyà yìí? Ọwọ́ olórin ni. Bí ṣáàsì bá wà lókè, àwọn bọ́tìnnì tí a ń yí yóò wà lókè pẹ̀lú, ẹni tí ó dúró pẹ̀lú gìtá lọ́rùn yóò lè na ọwọ́ kàn wọ́n láìbẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì kù tí igi kò lè ṣe. Àkọ́kọ́, igi kì í dènà ariwo iná. Irin ni ó ń dáàbò bo wáyà kí ó má máa kùn bí agbo oyin, ṣáàsì sì ní ojú kan tí ó là gbayawu, tí ó kọjú sí igi. Nítorí náà ni a ṣe ń lẹ bébà onírin tàbí páànù fẹ́lẹ́ mọ́ inú igi níbi tí ojú náà kọ sí, kí igi lè dà bí irin. Mo fẹ́ràn ẹ̀tàn kékeré yìí púpọ̀. Èkejì ni ewu. Àwọn kàpásítọ̀ inú ṣáàsì lè di iná tí ó ju 400 fóólítì lọ mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, iye yìí sì lè pa ènìyàn. Àpótí náà dákẹ́, ó tutù, a rò pé ó ti kú, kò kú. Ọ̀gá gidi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ kan inú irin kí òun tó fa iná yẹn kúrò. Ẹ̀yìn pákó tí a fi sukúrúù dè kì í ṣe fún ẹwà nìkan.

Ní ẹ̀yìn àwọn àpótí Fender wọ̀nyí, àyè ṣí sílẹ̀, kí ooru lè jáde, kí ohùn sípíkà sì gba iwájú gba ẹ̀yìn lọ. Pákó iwájú tí sípíkà wà lára rẹ̀ jẹ́ pílíwúùdù fẹ́lẹ́, ó sì máa ń gbọ̀n. Páìnì náà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn olórin tí ó mọ̀ ọ́n lò wá rí i pé gbígbọ̀n yìí kì í ṣe àbùkù. Ó ń fi ọ̀rá díẹ̀ sí ohùn. Bassman tí ó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin oní-íǹṣì 10, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ta gbogbo ìyókù yọ, bẹ́ẹ̀ fún gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe fún gìtá tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ohun kékeré kan tún wà tí n kò fẹ́ fò dá. Lára àwọn àpótí àwọn ọdún 1950, ẹni tí ó bá dúró sí iwájú yóò rí àwọn lẹ́tà orí bọ́tìnnì ní ìdojúdé. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn àpótí ni a kọ wọ́n fún. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ṣe é gbà pé ẹ̀yìn ni olórin yóò dúró, tí àpótí yóò sì wà láàárín òun àti àwọn èrò. Láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti yí ojú àwọn bọ́tìnnì sí iwájú. Olórin ti bọ́ sí iwájú àpótí rẹ̀, àpótí ti di ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣáàsì kan náà ni, òrùlé kan náà ni a so ó mọ́. Ibi tí ó kọjú sí nìkan ni ó yí, ipò ènìyàn lójú agbo sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1965 Fender ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Láàárín àwọn ọdún 1960 náà ni pákó iwájú ti di èérún igi tí a fi gúlúù tẹ̀ pọ̀. Ó dín owó kù. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Lákòókò yìí, ìjà ọ̀gá méjì náà ti dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Jim Marshall jẹ́ onílù, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù lílù, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin sí Hanwell ní 1960. Ní 1962 òun pẹ̀lú Ken Bran àti Dudley Craven ṣe áńpìlífáyà kan tí wọ́n sọ ní JTM45. Bassman ni wọ́n wò ṣe é, wọ́n kàn fi ohun tí wọ́n rí rà ní Bìrìtìkó dípò ti Amẹ́ríkà ni. Ní ti wáyà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Fender. Ní ti igi ni ó yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n kọ́ ilé méjì fún ọ̀gá méjì. Ṣáàsì gba àpótí kékeré tirẹ̀, ó padà jókòó sórí ilẹ̀ bí ti rédíò, bóòtù mẹ́rin dè é láti ìsàlẹ̀, fáàfù dúró ṣánṣán, ooru sì ń gòkè kúrò lọ́dọ̀ wáyà. Sípíkà mẹ́rin oní-íǹṣì 12 gba àpótí ńlá tí wọ́n dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Níwọ̀n ìgbà tí a dí ẹ̀yìn náà, ohùn kò rí ibòmíràn gbà ju iwájú lọ, ó sì le, ó ń ti àyà ènìyàn.

A lè sọ pé ìjà ti parí. Kò parí. Ibi tí wọ́n gbé àpótí ṣáàsì sí ni orí àpótí sípíkà gan-an, níbi tí mímì ti pọ̀ jù. Nígbà tí ó di 1965, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who fẹ́ sípíkà mẹ́jọ nínú àpótí kan. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí ènìyàn lè máa gbé kiri, wọ́n sì pín in sí méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ṣáàsì lórí gbogbo rẹ̀. Báyìí ni òkìtì àpótí dúdú tí a ń rí lẹ́yìn àwọn olórin rọ́ọ̀kì ṣe di àmì agbára. Àwọn ènìyàn rò pé iná ni wọ́n ń wò. Pílíwúùdù ni.

Mo lè yára kọjá lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Tàràńsísítọ̀ dé, kò gbóná tó fáàfù, kò sì bẹ̀rù mímì bíi tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì rò pé ọ̀rọ̀ igi ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Fender padà wá ṣe Bassman àtijọ́ ní 1990. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ohun tí wọ́n ṣe ní 2019. Wọ́n gbé áńpìlífáyà kan jáde tí kò ní fáàfù kankan. Kọ̀ǹpútà kékeré ni ó wà nínú ṣáàsì rẹ̀ tí ń sín ohùn ti àtijọ́ jẹ. Ìgò ti lọ, tàràńsífọ́mà ńlá ti lọ, ìwúwo rẹ̀ dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ṣùgbọ́n páìnì ni wọ́n fi kan àpótí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó lè sín fáàfù jẹ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi.

Mo wá lè padà sórí ẹjọ́ tí mo sọ pé n ó dá, pé àpótí yìí bo ìlù wa mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rántí bí jùjú ṣe rí kí àpótí tó dé. Nígbà tí Túndé King ń ṣe àwo orin rẹ̀ ní 1936, ẹgbẹ́ kékeré ni: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú pẹlẹbẹ tí a ń fi ọwọ́ gbá, àti ohùn ènìyàn. Orin iyàrá àlejò ni, gẹ́gẹ́ bí rédíò ayé ìgbà náà ṣe jẹ́ ohun èlò iyàrá àlejò. Kò sí gángan níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ gángan? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé gángan kan ṣoṣo wọ iyàrá tí wọ́n ti ń ta okùn tí kò ní iná, okùn náà yóò pòórá. Ìlù ni ó lè bo gìtá mọ́lẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe gìtá ni ó lè bo ìlù.

Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni gángan wọ inú jùjú. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi gba inú àpótí jáde. Ohun méjèèjì dé ní àkókò kan náà, n kò sì gbà pé ó ṣèèṣì. Àpótí gbé okùn àti ohùn ènìyàn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ṣí ilẹ̀kùn fún onílù láìbẹ̀rù. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń tóbi sí i. I. K. Dáíró, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957 tí ìjọba Bìrìtìkó sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, kó ìlù oríṣiríṣi sínú orin rẹ̀. Ebenezer Obey fi gìtá kún gìtá. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, ìlù sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Démọ́lá Adépọ̀jù sì ń dún láàárín wọn, ìyẹn gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, ọmọ ìyá èyí tí Fender àti Kauffman fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo náà tí ó ní àpótí òyìnbó ti pa ìlù Yorùbá, kí ó tún un gbọ́.

Nítorí náà ni n kò fi gbà pé àwọn tí ń kan àpótí wọ̀nyí nílẹ̀ wa jẹ́ aláfarawé lásán. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn ní Ìbàdàn. Áńpìlífáyà tí àpótí rẹ̀ ti jẹrà ni wọ́n máa ń gbé wá fún un. Òun a yọ irin rẹ̀, a nù ún, a wọ̀n ọ́n, a sì kan ilé tuntun fún un. Kò ní páìnì. Arère ni ó ń lò, nítorí pé ó fúyẹ́, kò sì ṣòro fún ayùn. Ìrókò lẹ́wà jù ú, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ní àpótí ìrókò máa ń di ohùn mú sínú. Ohun tí kò sí nínú ìwé òyìnbó kankan tí mo kà ni bí ó ṣe ń bá ojú ọjọ́ lò. Igi ń mu omi nígbà òjò, ó ń wú. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó ń sún kì. Irin kì í wú bẹ́ẹ̀, kì í sún kì. Bí a bá fún bóòtù pinpin ní oṣù Kẹjọ, yóò ti tú ní oṣù Kínní, ṣáàsì yóò sì máa gbọ̀n. Ó máa ń la ihò bóòtù gùn díẹ̀, ó sì ń fi awọ pẹlẹbẹ sí abẹ́ irin, kí igi lè rìn kí irin má rìn. Awọ tí ó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìlù ni ó ń lò fún un.

Iye àwọn tí ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún un ń dín kù. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń ra áńpìlífáyà àtijọ́ nítorí bàbà tí ó wà nínú tàràńsífọ́mà rẹ̀. Wọn a yọ ṣáàsì, wọn a ju àpótí sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi ń kó adìyẹ, ihò sípíkà rẹ̀ sì ni àwọn adìyẹ náà ń gbà jáde. Nínú igi rẹ̀ lókè, bébà onírin tí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ọn kí ó má baà kùn ṣì wà níbẹ̀, àmì bóòtù méjì sì hàn ketekete ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.